Ìdáhùn sí Lẹ́tà Tí N Kò Tíì Kà Tán

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àlàáfíà la wà nílé. Ìyàwó oníbàtà tó múlé tì wá ti bí ìbejì, kò sì sẹ́ni tó ń sùn mọ́ ládùúgbò.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà rẹ ti dé, n kò sì tíì kà á kọjá ìlà kìíní. Yorùbá ni mo mọ̀ ọ́n kà, ìwọ sì ti di ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìyá rẹ̀. N kò ní gbé e fún onígbàjámọ̀ mọ́. Èyí tó kà kẹ́yìn, inú rírun rẹ ló ń kéde fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì ń sọ oògùn tí wàá lò. Ojú tì mí, ni mo bá wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé ni mò ń jókòó, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé kọ́là ẹ̀wù tíṣà wa wọ́. Ẹni tó rán an kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló dá mi dúró nínú ìlà rẹ: rọ́ọ̀nù. Tíṣà ní ká sáré ni. Àyà mi já, mo ní ta ló ń lé ọmọ mi? Ó ní kí n fara balẹ̀, pé omi tó ń ṣàn, òun náà ni. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń darí iléeṣẹ́, ẹni tó ń du ipò, ọmọ tí ikun ń dà nímú rẹ̀, òun náà ni. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àti pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì ló pàdé tí wọ́n di ẹyọ kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ bàbá méjì, gbogbo ilé ló ń rán an níṣẹ́, àfi bíi pé àwọn Òyìnbó kò bí òmíràn.

Tíṣà ní kí n fò ó, kí n ka ìyókù. Mo kọ̀. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣẹ́tí aṣọ kì í fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù. Ìtumọ̀ kan lóòjọ́ ni mò ń kọ́. Má sì sọ ìyókù fún mi lórí fóònù o, ìyẹn dà bíi kí ọ̀gá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ìwé àjákọ mi ti kún, mo sì nílò awò ojú. Bó bá jẹ́ owó ni ìwọ náà ń béèrè nínú tìrẹ, má bínú, n kò tíì dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé sísá lò ń sá lóòótọ́, ọmọ mi, má dúró dìgbà tí màá kà á tán. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, n kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kí ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ gbà ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.