Dókítà Fi Kíndìnrín Mi Sílẹ̀, Ó Mú ti Àbúrò Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ohun tó ń bí mi nínú báyìí kò sì ní ṣẹlẹ̀ sí ọ láéláé. Àwa náà wà. Búlọ́ọ̀kù ń tà, òjò ni kò jẹ́ kó tètè gbẹ. Ó parí. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

O mọ̀ pé kíndìnrín bàbá rẹ káfíńtà, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ wa dàgbà, ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kí ọmọ ìyá wọn kan fún wọn ní ẹyọ kan. Ta ló ṣètò gbogbo rẹ̀? Èmi ni. Èmi ni mo wá mọ́tò, èmi náà ni mo lọ fa àbúrò mi, Àǹtí Arẹwà yín, dìde nídìí dígí. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì, ó gba ìtọ̀ wa. Nígbà tí èsì dé, Arẹwà ni dókítà mú! Ẹni tí kò gbé omi mímu fún ẹ̀gbọ́n mi rí!

Mo ní kó ka èsì náà sí mi létí, n kò sì rí ibi tí mo ti fìdí rẹmi. Ó ní púrótéènì pọ̀ nínú ìtọ̀ mi, kò sí rárá nínú ti Arẹwà. Ṣé kì í ṣe púrótéènì yìí náà ni wọ́n ní ká máa tìtorí ẹ̀ jẹ ẹyin? Ó ní kíndìnrín dà bí asẹ́, tèmi ló ti ń jò. Mo ní igbá tó bá kún ló ń dà sílẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín kó dànù ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo ní ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì látàárọ̀, ṣé ó lè mọ́ bí ẹni tó ń wo dígí? Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi tún ń ru. Ta ni wọ́n máa fi irú èyí lọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ru?

Ó wá ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fún àyẹ̀wò mìíràn, kí n mú ọmọ mi dání. Oṣù mẹ́ta! Ṣé ilé ló ń kọ́ ni? Fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́, àti ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó kọ fún mi, kí ìwọ náà sì wá lọ́sẹ̀ yìí, kí o bi í léèrè ohun tí Arẹwà fún un jẹ.

Nǹkan kan ṣá tù mí nínú. Irú káàdì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wọ kílíníìkì kíndìnrín, nọ́ọ̀sì fún èmi náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú, omi bọ́ lójú wọn. Ayọ̀ ni. Wọn ò di ọwọ́ Arẹwà mú bẹ́ẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti ń yan ènìyàn, wọn ò ní fò ọ́ kọjá. Tètè máa bọ̀.

Èmi ìyá rẹ, oníkáàdì.