Ìmìtìtì Ilẹ̀ Tí Mo Fi Ń Yọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, 1977

Kí n tó dé ibiṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ wa tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ káàkiri ayé ti fa ìlà ràgàjì kan sórí bébà. Inú mi dùn débi pé mo pariwo pe gbogbo ọ́fíìsì wá wò ó.

Àǹtí Bísí tó ń bá wa tẹ̀wé bi mí pé, "Níbo nilẹ̀ ti mì?"

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Rùmáníà ni rédíò wí."

Ibẹ̀ lọkọ rẹ̀ ti ń kàwé. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn...

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Sùúrùlérè. Ó ti lọ wá bí yóò ṣe tẹ wáyà sí Rùmáníà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fún mi lómi. Wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ wọn.

"Iṣẹ́ ńkọ́ lónìí, ọmọ mi?"

"Iṣẹ́ dáa, Mà." Mo sì mu omi wọn tán.