Pèpéle Tí Kò Ní Òrùlé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Ogun ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ yìí làwọn ọmọ ogun wa sọdá odò lọ bá orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa jà. Rédíò ń kọrin látàárọ̀ bí ẹni pé ìyàwó là ń gbé.

Kí n tó jẹun ọ̀sán, wọ́n ti pè mí sí yàrá ìpàdé òkè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjókòó àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ni. Ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn, èmi alábòójútó ayẹyẹ ìjọba: ta ni yóò jókòó síbo, ta ni yóò kọ́kọ́ bọ ta lọ́wọ́. Rárá o. Pèpéle ni wọ́n ní kí n lọ kàn sí gbàgede iwájú ilé aṣòfin, níbi tí Ọ̀gá Pátápátá, olórí ìjọba wa, yóò dúró sí láti kí àwọn ọmọ ogun káàbọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ́gun dé.

Ogun tí kò tíì pé ọjọ́ kan! Ìyàwó ò tíì wọlé, à ń wá orúkọ fọ́mọ.

Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ayẹyẹ. Mínísítà ètò ààbò — Kò-Tó-Nǹkan ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí ohun tó máa sọ nìyẹn bí ilé tilẹ̀ ń jó lé e lórí — ní kò tó nǹkan, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Mínísítà ìròyìn, ìyẹn Ẹnu-Dùn, ní kó ṣáà ti bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in.

Kékeré wà lára àwọn tó sọdá. Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn ilé wa, tó ga ju gbogbo wa lọ. Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Màmá ti mọ̀. Kékeré fúnra rẹ̀ ló pè é kí wọ́n tó gbéra. Ó wá ní kí n bi àwọn ọ̀gá mi lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá ọmọ òun padà. "Ṣebí ìwọ lò ń ṣètò ìpadàbọ̀ wọn." Ta ló sọ fún un? Èmi ni. Ẹnu mi yìí ló máa pa mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Káfíńtà dé. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ogun ju àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ. Ó so àsíá mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó tún so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn. Ó ń wọn ilẹ̀, ó ń kọrin ológun, ó ń sọ fún mi bí òun ì bá ṣe jà á ká ní wọ́n bi òun.

Ó wá dúró. Ó ní ṣé kóun fi òrùlé sí i ni, àbí kó wà ní gbayawu? Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn la máa lò ó, kò nílò òrùlé. Tó bá fi lè wọ ìgbà òjò, Ọ̀gá Pátápátá á tutù rinrin níwájú ayé. Ẹ̀rùn ò sì ní pẹ́ lọ.

Mo lọ bi Kò-Tó-Nǹkan. "Òrùlé kẹ̀? Mádáàmù, ta ló fẹ́ pẹ́ débẹ̀? Kò tó nǹkan."

Kò sí òrùlé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀rọ̀ bánà ńlá tó máa wà lókè pèpéle. Ẹnu-Dùn ní kí ayàwòrán kọ ọ́ báyìí: A GBA IBODÈ WA PADÀ. Torí ibodè méjì tí àwọn ará òdìkejì gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá la ṣe ń jà. Ó dáa. Ìyẹn yé mi. Ayàwòrán kọ ọ́, ó gún régé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

A ti gba ibodè padà! Àṣé láti ọjọ́ kejì ogun ni, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo yọ̀ débi pé mo ti gbé fóònù láti pe Màmá. Mo bi àwọn mínísítà, "Ó ti parí nìyẹn, àbí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àlùfààṣá níwájú àna. Wọ́n ní a ò lè dúró nígbà tó ń dùn. Wọ́n ní àwọn aráàlú ń pàtẹ́wọ́. Ní báyìí, bánà tuntun: A KỌ́ WỌN LỌ́GBỌ́N.

Báwo la ṣe máa mọ̀ tí wọ́n bá ti gbọ́n? Ṣé wọ́n máa ránṣẹ́ sí wa ni? Ẹ gbà mí o.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Bánà kẹta. A DÁ WỌN SÍLẸ̀. Àwọn wo? Àwọn ará òdìkejì odò náà ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá à ń nà wọ́n kí wọ́n lè gbọ́n, lọ́sẹ̀ yìí a ti di olùdáǹdè wọn. Ayàwòrán ní òun á kọ "A" nìkan, kóun fi ìyókù sílẹ̀ títí wọ́n á fi mọ èyí tí wọ́n ń fẹ́. Mo ní kó má pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ṣá. Lẹ́yìn náà, inú bí mi títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Kékeré pè. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìdí afárá kan ni wọ́n wà. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣọ́ ọ. Wọ́n tún ní kí wọ́n sọdá. Wọ́n sọdá — kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ilé ìwé tí wọ́n ti tì pa àti ewúrẹ́ mélòó kan. Wọ́n ní kí wọ́n padà. Bí wọ́n ṣe ń padà ni àwọn ará òdìkejì yìnbọn lù wọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń bá a gẹ irun kú síbẹ̀, lórí afárá tí wọ́n ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá wa bi wọ́n. Afárá yìí, ṣé ká sọdá ẹ̀ ni, ṣé ká ṣọ́ ọ ni, àbí ká wó o? Ọ̀gá wa níbí ti béèrè títí, wọ́n ní ká dúró de àṣẹ." Kò sunkún. Ẹni tó máa ń sunkún tí mo bá mú ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún Màmá.

Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀, mo sunkún dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo béèrè. Nínú ìpàdé, níwájú gbogbo wọn, èmi tí kì í sọ̀rọ̀ kọjá àga àti kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, kí la máa fojú rí tí a máa fi mọ̀ pé ó ti parí? Mo ní ẹ̀gbọ́n ọmọ ogun kan ni mí, ọmọ yẹn wà lórí afárá, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá kọjú sí fèrèsé. Ó wá ní, "Bí a bá rí i, a ó mọ̀ ọ́n." Ìdáhùn nìyẹn. Bí a bá rí i! Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ju ìyẹn lọ lẹ́nu ẹni tí ibà ń ṣe. Kò-Tó-Nǹkan wá bi mí bóyá tìmùtìmù àwọn àga ti dé.

Ẹnu-Dùn lé mi bá lórí àtẹ̀gùn. "Mádáàmù, ẹ mọ bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún yín. Irú ìbéèrè yẹn, ẹnu alátakò ló yẹ." Mo ní kí ẹnikẹ́ni ṣáà béèrè rẹ̀.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Àwa la dá tiwa sílẹ̀, a sì ń wá ọ̀pá káàkiri.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ọ̀dà bánà ṣàn wálẹ̀ sára àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Alátakò, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, kó èrò wá sí gbàgede. Pèpéle mi ló fi ṣe ìwàásù. "Ẹ wo iṣẹ́ òmùgọ̀! Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ti kan ibi tí wọ́n máa bọ̀ sí!" Èrò hó yèè. Èmi wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì mi, mo pàtẹ́wọ́, mo sì wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí mi.

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ mo rántí ọjọ́ tí ilé aṣòfin dìbò lórí ogun yìí. Èmi ni mo tò wọ́n jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ lókè bíi ti gbogbo wọn, ó tilẹ̀ nà án ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ti ń dàrú. Ìlà epo mọ́tò gùn dé ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ Ọ̀gá Pátápátá fúnra wọn ti ń sá lọ sọ́dọ̀ Alátakò. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ní oṣù tó kọjá ni wọ́n ń bi Ọ̀gá Pátápátá báyìí pé kí ló ń wá lódìkejì odò. Wọ́n bi í lónìí nínú ilé aṣòfin, ó tún ní a ó mọ̀ ọ́n bí a bá rí i. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé olórí ilé fi òòlù lu tábìlì títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Kò-Tó-Nǹkan fi ipò sílẹ̀. Ó ní ara òun ò yá. Mo kí i pé pẹ̀lẹ́ o, sà. Ó ní kò tó nǹkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n dìbò yọ Ọ̀gá Pátápátá. Ẹnu-Dùn rí ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ̀ gbà níkẹyìn.

Alátakò ló máa wọlé. Ọjọ́ Ẹtì ni ìbúra. Wọ́n bi mí pé níbo. Mo ní pèpéle wo la tún ní?

Màmá jó láti yàrá dé ilé ìdáná. Kékeré ránṣẹ́: "Àǹtí mi, wọ́n ní ọkùnrin yẹn máa dá wa padà. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n fọ aṣọ ibùsùn mi." Mo kà á tó ìgbà mélòó kan. Ọkàn mi balẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bí èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Màmá ti fọ̀ ọ́. Ó ti tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìbúra lọ dáadáa. Òjò ṣú, kò rọ̀. Kò sí bánà. Alátakò gbé ọwọ́ sókè, ó búra, wọ́n fọn fèrè.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Mo ní ẹ kú oríire, sà, ṣé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú pèpéle yìí lọ́la?

Ó yíjú wò ó. Ohun tó pè ní iṣẹ́ òmùgọ̀ lójú gbogbo ayé. Ó rọra ní, "Ẹ má tíì tú u. Mádáàmù, a ò kàn lè padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní a sá. Ó ku díẹ̀." Mo ní díẹ̀ tó báwo, sà? Ó ní kò ní pẹ́. Ẹnu-Dùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń gbé agbòòrùn dání fún un — àní Ẹnu-Dùn kan náà. Ọkùnrin náà wo ojú ọ̀run, ó sì ní, "Ẹ bá wa fi òrùlé sí i."

Màmá pè. Ó ní ṣé kóun lọ dúró de Kékeré ní ibùdókọ̀ ni, àbí àwọn ológun á gbé e dé ẹnu ọ̀nà? Mo ní kó jókòó ná. Ó ní títí dìgbà wo? Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń ṣiṣẹ́. Mo pa fóònù mọ́ ìyá mi létí.

Káfíńtà ló tún pè, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ṣé tapólín ni kóun fi bò ó, àbí páànù? Ó ní tapólín á tó òjò ọdún yìí.

Mo ní kó fi páànù bò ó.