Ibi Tí Gàárì Dádì Máa Sùn

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù 2025

Ó yé mi lónìí. Awọ ń mí.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi wé gàárì Dádì sínú láílọ́nù, mo rò pé ìtọ́jú ni. Láàárọ̀ yìí mo tú u níwájú Ẹ̀gbọ́n Sherif, lẹ́yìn ọjà Alaba Rago níbi tí wọ́n ń so ẹṣin wọn mẹ́ta mọ́ — funfun ti hù sí i lára bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó. Omi bọ́ lójú mi. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Tẹni, o di nǹkan nímú, o tún ń bi í pé kí ló ṣe tí ò mí." Wọ́n fi àkísà gbígbẹ nù ún, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. (Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ láti òní lọ.) Wọ́n ní kí n wá àpótí — èyí tí òjò ò ní wọ̀, tí eku ò ní wọ̀, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ á máa wọ̀.

Èṣí ni Dádì kú, lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin olówó. Lórí gàárì yìí ni wọ́n ti kọ́ mi ní ẹṣin gígùn. Nínú gbogbo ẹrù wọn, òun nìkan ni mo gbé wá sílé. Tó bá jẹrà, ó tán.

Ọjọ́rú, 11

Òjò látàárọ̀. Mo wọn gàárì, pẹ̀lú ìjánu àti akoto tèmi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn, méjì ní ìbú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ awọ tó ń mí fún Màmá Àgbà, ìyá Dádì, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn n'Íba. Wọ́n ní, "Hẹ̀n." Wọn ò wo gàárì. Láti ìgbà tí mo ti gbé e dé, wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Wọn ò wo fọ́tò ìsìnkú náà. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló là á yé mi: òbí kì í rí sàréè ọmọ.

Ẹtì, 13

Ọjà. Àpótí rọ́bà — láílọ́nù tó dàgbà ni. Ó ku páànù. Mo ra pupa kan tí wọ́n ya òdòdó sí ìdérí rẹ̀. Ó wù mí. Abọ́sẹ̀dé, ayálégbé wa, rí mi lórí ọ̀kadà lẹ́nu géètì: "Háà, Tẹni, ìgbà wo ni wọ́n wá tọrọ ẹ? Ẹrù ìyàwó ti dé, a ò gbọ́." Mo ní ti ẹṣin ni. "Ẹṣin ló ń fẹ́ ẹ? Ó dáa náà. Òun ò ní yá ọkọ̀ wá síbi ìgbéyàwó."

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni àdúgbò ń kí Màmá Àgbà kú oríire. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Àìkú, 15

Páànù ń làágùn. Mo fọwọ́ ra inú rẹ̀, omi. Abọ́sẹ̀dé ti gbà á, ìkòkò rẹ̀ ló kó sí i.

Ìṣẹ́gun, 17

Ajangbadi, ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, káfíńtà. Wọn ò tàn mí. Wọ́n ní pákó tí àwọn ní ṣì tutù. Tí àwọn bá kàn án lóṣù yìí, á là lóṣù tó ń bọ̀. "Igi àtijọ́ ló máa bá ẹ ṣe é. Ṣé kò sí àpótí àgbà nílé yín ni?"

Ó wà. Ìrókò, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Àgbà. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni wọ́n ti fi hàn mí, bí ẹni ń fi yunifọ́ọ̀mù han ọmọ: sùtánà funfun tí wọn ò tíì wọ̀ rí, aṣọ òfì kan, ìborùn. Wọ́n ní, "Ìwọ̀nyí lẹ máa wọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra nǹkankan."

Mo délé, wọ́n bi mí pé ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ àpótí dé. Mo ro gbogbo ohun tí káfíńtà sọ, títí kan ìbéèrè ìparí yẹn. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dé — àpótí ìrókò wà nínú yàrá mi. Ó ṣófo. Wọ́n ti nù ún, wọ́n ti sá a sóòrùn. Ihò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí irin ìdìmú ti jábọ́ nígbà kan. Afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀. Sùtánà wà nínú láílọ́nù, lórí ìṣó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn.

Mo ní aṣọ yín ńkọ́? Wọ́n ní, "Aṣọ tèmi ò mí. Gàárì ló ń mí, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní ibo lẹ wá fẹ́ máa kó wọn sí? Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹni tí ò tíì rí nǹkan kó ẹrù sí, ṣé òun ló fẹ́ rìnrìn àjò?"

Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ lé gàárì. Ìgbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n bi mí pé, "Ibí ló ń jókòó sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Ẹtì, 20

Mo pe Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní tí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù, kí n máa wo ojú rẹ̀ dáadáa. Abọ́sẹ̀dé ní irọ́ ni, ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó máa dá a dúró ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá Àgbà ti bi mí lónìí bóyá mo ti gbé e sínú. Gàárì ṣì wà lórí àga. Tí mo bá gbé e sí i, ó dà bíi pé mo ti gba ogún lọ́wọ́ ẹni tó ṣì wà láàyè. Tí mo bá kọ̀ ọ́, mo ti lé ọmọ wọn kúrò nínú àpótí wọn. Mi ò dàgbà síbí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ àṣà nínú méjèèjì.

Ìwé mi, ìwọ lo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbé e sínú?