Kánjú àti Ife Omi Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Fẹ̀sọ̀, ọkọ mi, ó tún ṣẹlẹ̀. Ìrẹsì díẹ̀, ẹja kékeré kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òógùn bò mí, òòyì ń kọ́ mi, àyà mi ń lù bí ti olè tí wọ́n ká mọ́lé. Mo sáré. Èmi tí òjò kì í lè lé! Mo fo bẹ́ńṣì kọjá níwájú gbogbo àwọn tí a jọ ń ránṣọ, ó di ilé ìyàgbẹ́.

Mo ti sọ àìsàn yìí lórúkọ. Kánjú ni mo ń pè é. Ó ti di oṣù mọ́kànlá tí o kú, tí o fi èmi àti ìyá rẹ sílẹ̀ nínú ilé yìí. Lẹ́yìn rẹ, gbogbo ohun tí kò bá ti sá fún mi ni mo ń jẹ, títí orúnkún mi fi kọ̀, tí ó ní òun ò gbé mi mọ́. Ni wọ́n bá gé àpò oúnjẹ inú mi kù bí ẹyin adìẹ ní ọsibítù, kí n lè fọn, wọ́n so ó mọ́ ìfun. Mo fọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í dúró kí onílé mọ́. Ó gba iwájú wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde.

Dókítà ní bí Kánjú ò bá rọlẹ̀ títí di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, àfi kí òun tún inú mi ṣí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Èmi tí mo ń ránṣọ jẹun mọ bí aṣọ tí wọ́n tú lẹ́ẹ̀mejì ṣe ń rí. Yàrá iṣẹ́ abẹ kan náà tí o wọ̀ tí o ò fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo jáde. Mi ò fẹ́ tún un wọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kánjú, ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Fẹ̀sọ̀, wá mú ìyá rẹ. Rárá o, má wá mú wọn. Àwàdà ni.

O ṣáà mọ̀ pé ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì nínú ilé. Káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ ìlànà oúnjẹ mi sí, Màmá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, wọ́n sì ti há a sórí. Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa mu omi tí ẹ bá ń jẹun. Bí mo bá ti jókòó, Màmá á gbé ife omi méjì tó kún dé ẹnu síwájú mi, ọ̀kan fún àárín oúnjẹ, ọ̀kan fún ìparí. Wọn ò ní jókòó. “Mu ún tán, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, òfin ni.” Mo ní ọ̀fun mi kì í ṣe gọ́tà. Wọ́n ní gọ́tà gan-an kì í jiyàn tó báyìí.

Mo mu ún tán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Áísìkirimù, ṣíbí mẹ́ta. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Mo na gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, mo ń wo àjà. Igun tí o ní o máa kùn lọ́la ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀lẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Gbọ́ èyí. Obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì fà mí lọ sẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn yín balẹ̀, ẹnu mi ò ní jò. Oṣù mélòó ni?”

Mo ní, “Oṣù mélòó kí ni?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀. Òòyì, èébì, ká ṣáà máa sáré.”

Mo ní ọkọ mi ti kú láti oṣù mọ́kànlá. Ó wò mí tàánútàánú. “Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹnu mi ò ní jò.”

Fẹ̀sọ̀, mo rẹ́rìn-ín débi pé Kánjú jí. Bí oyún náà bá jẹ́ tìrẹ ni, wọn ì bá fi ọ́ joyè lọ́run.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo tún dín síkẹ́ẹ̀tì mi kù, ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí. Èmi nìkan ni mo wọn ìbàdí mi. Ìwọ ni o máa ń di téèpù mú lẹ́yìn mi, tí o máa ń pa irọ́ iye rẹ̀ kí inú mi lè dùn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbàgbé ìgò omi sílé. Búrẹ́dì gbẹrẹfu àti ẹyin ní ibi iṣẹ́. Kánjú ò wá! Ẹyin, mo kí ọ o. Ẹyin ni oògùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹyin ní ilé. Kánjú wá, ó mú àwọn ẹbí ẹ̀ dání. Mo kó gbogbo oríyìn mi kúrò lọ́rùn ẹyin. Màmá di ẹ̀yìn mi mú níbi tí mo ti ń bì, wọ́n ní, “Ife kejì ni o ò mu tán. Mo rí ọ.”

Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo lọ gbẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù fún àyẹ̀wò ọjọ́ Ẹtì. Nọ́ọ̀sì kékeré tó kọ káàdì mi ló gbà á. Ó béèrè bóyá mò ń tẹ̀ lé ìlànà. Mo ní dáadáa, ife méjì pẹ̀lú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.

“Ife méjì kí ni, mà?”

“Omi.”

Ó káwọ́ lérí. “Mo ní ẹ má mu omi!”

“O ní ká máa mu ún!”

“Má!”

“Máa!”

Báyìí ni àwa méjèèjì ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ìyá wọn. Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè parí ẹ̀, òùngbẹ ti ń gbẹ mí.”

Káàdì wà nínú báàgì mi, Màmá ló ní kí n mú un lọ. *E ma mu omi ti e ba n jeun.* Kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀, ó dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e: *E ma je nnkan didun.* Ìyẹn la kà bó ṣe yẹ. Ta ni yóò kọ́ni pé kó máa jẹ ṣúgà?

Nọ́ọ̀sì ní omi ló ń ti oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Kí n jẹun gbígbẹ, kí n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n tó mu. Omi kún ojú ẹ̀. Mo ní kó má sunkún. Má o, kì í ṣe máa.

Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá tó sin ọmọ pé omi tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ bù fún mi ló ń gbé mi ṣubú? Mi ò sọ. Mo dá káàdì padà sára fíríìjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bí Màmá bá ti kọjú sí síńkì, mo da omi náà sínú ìkòkò òdòdó. Ife méjèèjì. Kánjú ò wá.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Kò wá. Òdòdó ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Dókítà tẹ ikùn mi, ó wo ìwé, ó ní kò sídìí láti ṣí i. Fẹ̀sọ̀, kò sídìí láti ṣí i! Ó ní gbogbo káàdì ni wọn yóò tún kọ.

Mo délé, Màmá gbá mi mọ́ra. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Omi ni! Mo wí bẹ́ẹ̀!”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.”

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Kò sí ife lórí tábìlì lónìí. Káàdì ni wọ́n gbé síbẹ̀. Màmá ti fi bírò pupa fàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ orí ẹ̀, bí ẹni ń ṣe máàkì. *Ẹ má mu omi.*

“Mo fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò òdòdó lálẹ́ àná, ó rin gbingbin,” ni wọ́n wí. “Mo wá tún káàdì kà. O ò mọ irọ́ pa, ìyàwó mi.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí.

Wọ́n ní ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nígbà tí èmi wà níta tí mò ń buwọ́ lùwé, o béèrè omi lọ́wọ́ àwọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kò gbọdọ̀ kàn ọ́ lẹ́nu. O béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. “Mo ní kó ní sùúrù, bó bá jáde, á mu àmuyó. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.”

Fẹ̀sọ̀, mi ò mọ̀. Àwàdà gan-an sá fún mi.

Màmá yọ aago lára ògiri, wọ́n gbé e sórí tábìlì. A jẹun. Mo jẹ ẹ́ bí ìwọ ṣe máa ń jẹun, bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Mo jẹ ẹ́ tán, a sì jókòó ti aago. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, Màmá dìde, wọ́n bu omi. “Ó ti tó wàyí. Mu ún.”

Mo ń mu ún, wọ́n ń wo ọ̀fun mi. Nígbà tó ku ìdajì, mo gbé ife náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní òùngbẹ ò gbẹ àwọn.

Wọ́n mu ún tán.