Orúkọ Tí Wọ́n Kọ Sí Etí Ọ̀sà Wa

Bàbá mi tí mo fi ń yangàn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí ẹ tó fà mí wọ inú ọkọ̀ ẹja. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì lè bá àwọn ọmọ mi sọ ọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi mí rín.

Kí n kọ́kọ́ fún yín láyọ̀ ná. Ọmọ yín ti dènìyàn. Láti ìgbà tí márosẹ̀ ti dé, búlọ́ọ̀kù tí mo ń mọ ló wà nínú ògiri ilé láti Addo títí dé Ikate. Ṣíámáànù ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá wọ báǹkì ní Lẹ́kkí Phase 1, máníjà fúnra rẹ̀ ló ń gbé àga fún mi. Ìbá wù mí kí ẹ rí i.

Máàpù ti wà nínú fóònù báyìí, Bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀. Á ní kí o yà sí ọ̀tún, kí o yà sí òsì. Àwọn dírẹ́bà mi tó ń kó búlọ́ọ̀kù máa ń ṣìnà torí pé àdúgbò wa ò sí níbẹ̀ dáadáa, ni mo bá wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo máàpù yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ la ń fi orúkọ òpópónà sí i fúnra wa. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi fi ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi! Àwọn tó jáde yunifásítì ń bi mí léèrè ọ̀nà.

Ọjọ́ tí mo wá etí ọ̀sà wa lórí máàpù, níbi tí ọkọ̀ yín máa ń gúnlẹ̀ sí, òfìfo ni. Mo tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: Èbúté Ràímì. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo ṣèlérí nígbà tí à ń bu iyẹ̀pẹ̀ lé yín? Mo ní orúkọ yín ò ní rì. Nígbà tí mo rí i tó ń tàn nínú fóònù, ojú mi kún fómi.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti yọ ọ́. Mo tún un kọ, wọ́n tún un yọ. Ẹni tó ń yọ ọ́ ń jẹ́ Ọmọ Ọ̀sà nínú ẹgbẹ́. Mo kọ̀wé sí i: "Ìwọ ọmọ àná yìí, ta ló rán ọ sí orúkọ bàbá mi? Màá fi ọ́ jófin!" Mo rò pé ara àwọn tó ń ta ilẹ̀ ẹsíteètì ni, tó fẹ́ fi orúkọ òyìnbó sọ etí omi wa.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ wá síbi ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Lẹ́kkí Phase 1. Wọ́n fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ wá, ká fojú rinjú, kí wọ́n sì parí ìjà àwọn orúkọ. Èyí tí wọ́n bá fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà, wọ́n á tì í pa. Ẹnikẹ́ni ò ní lè yí i mọ́.

Mo wọ agbádá funfun mi. Wọ́n fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ tí mo mọ̀ nínú fóònù nìkan ń sáré wá dọ̀bálẹ̀, "Ṣíámáànù! Àṣé ẹ̀yin gan-an rèé!" Wọ́n ń bá mi ya fọ́tò. Mò ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú tí mo bá rí ni mò ń bi ara mi bóyá òun ni Ọmọ Ọ̀sà.

Àǹtí kékeré kan ló ń darí ètò. Ó gbé máàpù etí ọ̀sà wa sára ògiri, ó fẹ̀ bí ìgbòkun. Àyè orúkọ yín ṣófo.

Ó wí fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibì kan la máa ń kọ. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, ta ló tún ń pè é ní Èbúté Ràímì?"

Mo ní, "Gbogbo ayé!"

"Gbogbo ayé ọ̀hún dà?" Ohùn kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó wọ bàtà kánfáásì, ó so ìborùn mọ́ èjìká. "Ọmọ àná tí o fẹ́ fi jófin nìyí. Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Sìfáwù, ọmọ atukọ̀ bàbá rẹ. Èmi tí mo máa ń nu ojú rẹ nígbà tí èéfín ààrò ìyá rẹ bá ta ọ́ lójú, tí o ń ké bí ẹni tí wọ́n lù!"

Gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Èmi, Ṣíámáànù!

Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sọ èyí tí ẹ mọ̀."

"Èéfín Àṣàkẹ́."

Àǹtí tẹ̀ ẹ́ sára ògiri. Bàbá, orúkọ ìyàwó yín, lórí ilẹ̀ yín, lójú gbogbo ènìyàn, tí orúkọ tiyín sì wà nílẹ̀! Ara mi gbóná. Mo pariwo pé ìyá mi kàn dá ààrò síbẹ̀ láti yan ẹja ni, pé àwọn kọ́ ló ni èbúté.

"Ṣé mo ní àwọn ló ni ín? Ohun tí à ń pè é ni mo sọ."

Àǹtí yẹn wá yíjú sí mi jẹ́ẹ́. "Bàbá, kí ni bàbá yín fúnra wọn máa ń pè é?"

Bàbá, irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Èmi àti Sìfáwù nìkan la ṣẹ́ kù tó gbọ́ ohùn yín rí. Ta ni ìbá gba ọ̀rọ̀ wọn ju tèmi ọmọ yín lọ? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo rí. Mo rí i bí kùrukùru ṣe máa ń bo ọ̀sà láàárọ̀ ọyẹ́, tí a ò ní rí ẹnu àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀. Ẹ á ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ẹ á gbé imú sókè bí ajá ọdẹ, ẹ á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ á ní ká kọjú ọkọ̀ sí Èéfín Àṣàkẹ́. Kódà nígbà tí oòrùn bá mọ́lẹ̀ kedere, ohun tí ẹ máa ń sọ náà nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí pé èbúté mi.

Mo sọ ọ́. "Èéfín Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè é."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Sìfáwù wò mí títí. "Ọmọ Ràímì ni ọ́ lóòótọ́," wọ́n ní, wọ́n sì na etí ìborùn wọn sí mi kí n fi nu ojú.

Wọ́n ti tì í pa, Bàbá. Ṣé ẹ ń bínú? Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, tí èmi ò mọ̀? Ṣé ẹ sọ fún màámi rí pé àwọn ni ẹ ń gbóòórùn wá sílé? Ẹ bá mi bi wọ́n, ẹ ti jọ wà níbẹ̀.

Ààrò ò sí mọ́, wọ́n ti mọ odi yí etí omi ká. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ ibẹ̀ nínú fóònù, ohùn obìnrin tó ń júwe ọ̀nà níbẹ̀ á pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, èmi á sì tún un pè fún un kó lè dáa. Tí kùrukùru bá wà níbi tí ẹ wà, Bàbá, ẹ dá àjẹ̀ dúró, ẹ gbé imú sókè. Ẹ mọ̀nà.

Èmi ni, ọmọ yín,
tí èéfín ṣì ń ta lójú.