Àdúrà Tí A Gbà fún Ọ Nítorí Jíìpù

Aráròmí-Òkè,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo sì kí ọ kú àìsùn lórí àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú. Ọlọ́run tó ń bá ọ ṣọ́ wọn yóò máa ṣọ́ ìwọ náà nígbà tí o bá ń wakọ̀ bọ̀ wálé. Àwa náà wà láàyè. Ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó gbádùn. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí débi pé àgbàdo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jẹrà lórí ìdúró. Wọ́n ti kun ilé ìwé tí mo ti ṣe ọ̀gá, àmọ́ iwájú nìkan ni wọ́n kùn, nítorí pé iwájú ni kọmíṣọ́nnà yóò rí tó bá wá.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn. Mo ń pè. Obìnrin òyìnbó kan ló ń gbé fóònù rẹ ní gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ, kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Mo máa ń kí i dáadáa, mo máa ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì máa ń dúró kó dáhùn, àmọ́ nǹkan kan á kàn dún, á sì dákẹ́ kó lè máa gbọ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo fẹ́ fi ohun tó wà nínú mi rán an sí ọ, ṣùgbọ́n ojú tì mí, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni, kò sì yẹ kí àlejò gbọ́ ọ ṣáájú rẹ. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyí.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Simbiat ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún mi pé òun ló pè ọ́. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ìta ló ti gbọ́, ìyẹn ni yóò jẹ́ kí o mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn tó. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Jíìpù yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn, inú rẹ̀ ni a ti jọ máa ń jókòó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ní àdúgbò yín ní Morris Heights. Mo rí i pé gbogbo ará àdúgbò ló wà nínú ọkọ̀ tiwọn, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo iwájú, mo sì rò pé irú ìjọsìn kan ni, mo ṣí fìlà mi. Ó di ìgbà kẹta kí o tó sọ fún mi pé ọkọ̀ tó ń gbá títì ni ẹ ń dúró dè, kí wọ́n má baà fún yín ní ìwé ìtanràn. Inú jíìpù yẹn náà lo ti ṣèlérí pé tí o bá ra òmíràn, wàá fi jíìpù yẹn sínú ọkọ̀ ojú omi wá sílé, kí ilé ìgbẹ̀bí wa lè máa fi gbé àwọn aboyún lọ sí Iléṣà. Èmi kọ́ ni mo ní kí o ṣèlérí. Àmọ́ èmi ni mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo kéde rẹ̀, èmi ni mo jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ìjọ fi Sátidé mẹ́ta kọ́ ilé fún ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n fi pánù bò ó, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ỌKỌ̀ ÀWỌN ÌYÁ sí i lára.

Nígbà tí o pè ní oṣù Kẹjọ, ò ń sunkún. O ní ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó bá mú ọkọ̀ tó ń mu epo jù wá ní owó tí yóò fi kún tirẹ̀ ra tuntun, pé owó náà ti fẹ́ tán, gbogbo èèyàn ló ń sáré, pé bírékì jíìpù sì ti já ọ kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà iṣẹ́. O ní o ti buwọ́ lùwé kí wọ́n tó sọ fún ọ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá gbà, dandan ni kí wọ́n pa á. Wọ́n béèrè ìwé pé ó ti pé ọdún kan tó ti wà lórúkọ rẹ tí o sì ń san insọ́ránsì rẹ̀, bí ìgbà tí opó ń lọ gba owó ọkọ rẹ̀ tó kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọ́ìlì rẹ̀ dà nù, wọ́n da omi kan sí i bíi gíláàsì tó yọ́, wọ́n sì ń tẹná mọ́ ọn títí ẹ́ńjìnnì fi gan.

O tún sọ pé Néstor, mẹkáníìkì ará Puerto Rico tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín, tó ti fi ọdún mẹ́fà tún jíìpù náà ṣe, kò bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní ìjọba kọ́kọ́ kó owó ará ìlú fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n má baà kógbá sílé, wọ́n tún wá ń sanwó láti pa ọkọ̀ tálákà, kí tálákà lè lọ ra tuntun, ta ni yóò wá gba ṣọ́ọ̀bù tòun là. Tiffany tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Grand Concourse sì ní kí o má dá a lóhùn, pé ojú rere Ọlọ́run ni, pé òun náà ti mú tòun lọ, èéfín á dín kù, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà á sì rí iṣẹ́ ṣe. Mo rò ó títí, ó dà bíi pé àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, ìyẹn ló sì ń dà mí láàmú. O wá bẹ̀ mí pé kí n bá ọ bẹ ìjọ, kí n ṣàlàyé fún wọn bí o ṣe ṣàlàyé fún mi. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìfilọ̀, mo dìde, mo ṣàlàyé. Kúnmi tó ń kó tòkunbọ̀ láti Kútọnu ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàbá Tíṣà má bínú sóun, ogún ọdún lòun ti ń ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó ti jóná gan-an wọ́n ń tà á fún àwọn, ìjọba wo ni yóò wá fowó ara rẹ̀ da májèlé sínú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọmọ mi kó tún irọ́ yẹn rán, ojú abẹ́rẹ́ ń hàn níbẹ̀. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi láàárín tiwọn. Mo wá ní ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ọmọ ìwòyí, ó ti tà á ni, kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Florence, Ìyá Ìjọ wa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àdúrà ló kù, kí bàbá ọmọ sì darí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo dárúkọ rẹ, mo fi orúkọ ìsàmì rẹ kún un, kí Ọlọ́run má baà ṣi ẹlòmíràn mú, mo sì ní kí Ó tú ọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀mí irọ́. Igba èèyàn ló ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kúnmi ti Kútọnu dé, ó sì gba ilé mi wá tààrà. Ó ní ìròyìn náà ti kan gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀, jíìpù sì ti fẹ́ gbówó lórí. Ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: jíìpù funfun kan dúró lójú kan, ó ń ké, ó ń ké sí i, èéfín bò ó, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Àwọn tó yí i ká pàtẹ́wọ́. Mo ní kó tún un fi hàn mí. Kúnmi dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun, àti pé kí n má dá ara mi lẹ́bi, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Florence náà gbé iṣu wá, ó ní kò sí bí bàbá ṣe lè mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá ní méjì méjì, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo jẹ iṣu náà.

Motúnráyọ̀, mo mọ̀.

Mo ti kà á ní oṣù Keje nínú ìwé ìròyìn tí fíká ìjọ wa máa ń kó fún mi tó bá ti kà wọ́n tán. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, owó náà, omi gíláàsì náà, òfin pípa náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tiẹ̀ bi ara mi níbẹ̀ bóyá wọ́n lè gba Dátsùn tí adìyẹ ń yé sí lẹ́yìn ilé ìwé, tí a bá tì í dé ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó. Nínú ìwé kan náà ni mo ti kọ nípa àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó gbé bàálù aládàáni lọ tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba, mo sì béèrè pé ṣé ojú kì í ti àwọn ẹni ńlá ni. Nítorí náà, nígbà tí o pè, o kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Ìdí márùn-ún ni mo kọ sílẹ̀, mo sì ti fagi lé mẹ́rin. Èyí tó kù ni ilé ọkọ̀ tó ṣófo yẹn. Bí wọ́n bá ti ń wò ó, èmi ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òpùrọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo jìnnà jù.

Mo ti ní kí fíká fi àyè sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi yìí lẹ́yìn ìfilọ̀. Mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Lọ́la ni màá fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ Iléṣà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kó lè ti kúrò lọ́wọ́ mi kí ẹ̀rù tó bà mí, kí n má lè yí i padà mọ́.

Ìyá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ pa láì sọ fún ọ pé oògùn orúnkún òun ti tán, pé owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ kò tíì wọlé lóṣù yìí, àti pé òun kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ àdúrà yẹn. Èmi kọ́ ni mo béèrè o, iṣẹ́ ni mò ń jẹ́. Tí o bá fi ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kí o fi sí, má fi tèmi sí i, torí pé ọmọbìnrin tó wà ní bánkì máa ń kí mi kú oríire ọmọ tí mo bí, mi ò sì fẹ́ kó kí mi lóṣù yìí.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ nínú ọkọ̀ tuntun náà. Bírékì rẹ̀ yóò máa gbọ́ tìrẹ. Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú yóò máa sùn wọra. Ẹni tó bá sì parọ́ mọ́ ọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn náà ni yóò ti jẹ́wọ́. Tí o kò bá lè ṣe àmín sí ìyókù, jọ̀wọ́, ṣe é sí ìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Daniel Ọlátẹ́jú.